Ohùn Tó Ṣìnà Lójú Odó

Lẹ́yìn tí a sin ìyàwó mi, ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ fídíò ní Adja-Ouèrè gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi ní Massè. Ó ń to àwòrán kan fún ìrántí: ìyá rẹ̀ àti àbúrò ìyá rẹ̀ ń gún iyán nínú odó kan, bí ọmọ odó ọ̀kan ṣe ń lọ sókè ni ti èkejì ń balẹ̀. Fóònù kan ló ya àwòrán, òmíràn ló gba ohùn. Ọmọ mi kó wọn sínú àpótí kéékèèké lójú kọ̀ǹpútà, ó fi ìlà so wọ́n pọ̀ bí ìtàkùn iṣu. Àpótí àárín ló ń dá ohùn dúró títí àwòrán yóò fi bá a.

"Bàbá, ó ti bára mu. Bí ọmọ odó ṣe ń balẹ̀ ló ń dún."

Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju kí n gbọ́ ohùn ìyàwó mi lẹ́nu rẹ̀. Mo wò ó títí, ara mi kọ̀ ọ́.

"Kò bára mu o. Ìyá rẹ kì í gún iyán kó má kùn 'hùn' bí ọmọ odó rẹ̀ bá balẹ̀. Wò ó, 'hùn' ti dún, tirẹ̀ ṣì wà lókè."

"Yéè! Mo ti gbé ohùn màmá fún tàǹtí!"

Ó sún ohùn náà ní ìwọ̀n ìgún kan. Nínú fídíò náà, ìyàwó mi kùn, ó nu ojú, ó ní, "Bàbá wọn á tún ní kókó wà nínú iyán yìí."

"N kò ní í sọ bẹ́ẹ̀," ni mo dá a lóhùn, kí n tó mọ̀ pé mo ti lanu.

Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó dá fídíò náà dúró díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ àgbà.