Lẹ́tà Tó Sanra

Òórùn yíǹkì àti kẹrosíìnì ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù bàbá atẹ̀wé kan ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà ní ìparí àwọn ọdún 1980. Lára àwọn lẹ́tà òjé tí ó fi ń tẹ̀wé, irú kan wà tí mo fẹ́ràn jù: ó sanra, ó ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ lókè àti nísàlẹ̀, ikùn O rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí ó fara ti ògiri. Bí ó bá bọ́ sórí ìwé, ó máa ń jẹ ẹ́ wọlé débi pé ọwọ́ yóò mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ìwé náà. Òun ni wọ́n fi ń kéde òkú àgbà, òun ni wọ́n fi ń kí Lèmọ́mù kú ọdún Iléyá, òun náà ni àwọn Onítẹ̀bọmi fi ń pe ìsọjí.

Àbúrò ìyá mi, opó tí ń gbé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ nílùú Ọ̀yọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ni ọ̀rọ̀ kàn. Àbúrò ọkọ rẹ̀ fẹ́ ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí ó fi ń gbin ilá, èyí tí ọkọ rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ níṣojú ẹbí. Inú bí mi gidigidi. Mo ní kí a tẹ ìkìlọ̀ tí gbogbo ìlú yóò rí: ILẸ YII KI I ṢE TITA.

Bàbá atẹ̀wé yọ awò ojú rẹ̀. "Tíṣà, èyí tó sanra yìí ò ní àmì ìsàlẹ̀ o. Òyìnbó ò rò tiwa mọ́ ọn nígbà tó ń rọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká lo tínrín, òun ní àmì."

"Bàbá, ta ni yóò rí tínrín? Ta ni kò sì mọ ohun tí à ń sọ?"

"Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé."

Èmi fúnra mi ni mo kàn án mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí oníṣòwò kan fi kó àwọn tí yóò gbẹ́ ìpìlẹ̀ wá, pé òun ti ra ilẹ̀. Nígbà tí mo fi dé Ọ̀yọ́, kòtò ti la àárín ilá kọjá.

"Ṣé ẹ kò rí ohun tí a kọ ni?"

Ọkùnrin náà nawọ́ sí ògiri. "Mo rí i, Tíṣà. ILE YII KI I SE TITA. Ẹni tó ta ilẹ̀ fún mi ló kà á fún mi pé ilé ni ẹ kọ. A ò sì fọwọ́ kan ilé Ìyá."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ní, "Tíṣà, bí ọmọ kíláàsì yín bá kọ èyí, ṣé ẹ ó máàkì í?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣa ilá tó ṣẹ́ sínú ìró rẹ̀. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé wọ́n á tún gbẹ́ lọ́la?"

Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo padà sí Takie. Bàbá atẹ̀wé to lẹ́tà tó sanra náà, ó mú àmì ìdánudúró méjì, ó dorí wọn kodò kí wọ́n lè sún mọ́ lẹ́tà, ó ki ọ̀kan sábẹ́ E inú ILE, ó ki èkejì sábẹ́ S. Nígbà tí oníṣòwò náà ka ìwé tuntun tí mo kàn mọ́ ògiri lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ìka kan àmì tó wà lábẹ́ E. "Ilẹ̀ ni," ó ní. "Ó purọ́ fún mi." Ó ní kí wọ́n dí kòtò. Ṣùgbọ́n Ìyá kò ká ilá lọ́dún náà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ ohun tí àbúrò ọkọ yẹn ṣe níbikíbi tí wọ́n bá ti gbà mí láàyè, nítorí ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n n kì í fi tèmi sílẹ̀. Àlàfo tí ó gbà wọlé, èmi ni mo ṣí i fún un. Ìbínú mi ni mo fẹ́ kí gbogbo ìlú rí, ó sì tóbi lórí ògiri náà lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ Ìyá ni kò sí níbẹ̀.