Nẹ́ẹ̀tì Ẹ̀fọn Tí Mo Fi Tọrẹ

Olúwa tí ó dá èémí padà sí mi nímú, ìwọ ni mo kọ́kọ́ kí kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Mo dúpẹ́ pé ojú mi ṣí. Mo dúpẹ́ nítorí ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi méjèèjì, mo sì dúpẹ́ nítorí dókítà kan tí kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ìbá pa mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi ṣe àmín, kí n lè bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù keje ọdún 2009, ní ilé wa ní Rosettenville. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi lẹ́bàá fèrèsé, mo ń rán aṣọ ilé-ìwé tí ẹnì kan gbé wá. Òtútù Johannesburg kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé ní oṣù keje, ṣùgbọ́n oòrùn a máa gba ojú fèrèsé yẹn wọlé, a sì máa dùbúlẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀ bí ológbò. Lọ́jọ́ náà, mo ń rí oòrùn lẹ́sẹ̀ mi, ṣùgbọ́n n kò mọ ooru rẹ̀ lára. Mo fẹ́ fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ojú abẹ́rẹ́ di méjì. Mo gbé ojú sókè wo òkìtì iyẹ̀pẹ̀ pupa rúsúrúsú tí àwọn awakùsà ìgbà àtijọ́ kó jọ bí òkè sí ọ̀nà iwájú. Òkè náà ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, bí ìgbà tí òkun bá ń mí. Mo sọ fún ara mi pé, “Kò sí òkun ní Joburg.” Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe mí.

Ọjọ́ kẹwàá tí a ti Mozambique dé nìyẹn. Ìjọ wa, tí ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kan ní Yeoville, a máa rán ìdílé kan lọ sìn ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan ní etí òkun níbẹ̀ nígbà ìsinmi ilé-ìwé. Lọ́dún náà, ó kan ìdílé tiwa. Ọkọ mi, tí mo ń pè ní Dádì Tóbi, a máa tún ẹ̀rọ amómitutù ṣe. Èmi sì jẹ́ aránṣọ. A kó irinṣẹ́ wa àti àwọn ọmọ wa sínú ọkọ̀ ìjọ, Tóbi ọmọbìnrin wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àti Dámi àbúrò rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Joburg ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí.

Obìnrin olórí-funfun kan tí à ń pè ní Màmá Graça ni ó ń ṣe àbójútó ibẹ̀, àwọn ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ogójì. Ilé náà sún mọ́ òkun tó bẹ́ẹ̀ tí iyọ̀ fi ń wà létè ẹni bí a bá jí. Ọ̀sẹ̀ méjì tí a lò níbẹ̀ dàbí àlá lójú mi títí dòní: ìró ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ìró omi, àti orin tí àwọn ọmọ ń kọ ní èdè Potogí, tí n kò gbọ́ ju orúkọ Jésù lọ nínú rẹ̀.

Kí a tó lọ, nọ́ọ̀sì kan ti fún wa ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà ẹ̀fọn fìdí múlẹ̀ lára. Ẹyọ kan lójúmọ́ ni, a ó sì máa lò ó títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí a bá padà délé. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní nẹ́ẹ̀tì. Mo dúró ti Tóbi àti Dámi lórí lójoojúmọ́ títí wọn yóò fi gbé tiwọn mì. Èmi lo tèmi fún ọjọ́ mẹ́ta, inú ń rìn mí, mo jáwọ́.

Dádì Tóbi rí páálí oògùn mi tí kò dín mọ́.

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Ẹ̀yin ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀fọn ló wá ń dẹ́rù bà yín báyìí?”

“Ẹ̀fọn Iléṣà mọ̀ mí, ó mọ bàbá mi,” ni ó dáhùn. “Ti ibí yìí, a kò jọ gbé rí. Ìyá Tóbi, gbé oògùn rẹ mì, jọ̀ọ́.”

“Ẹ̀bá odò Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí. Bí ẹ̀fọn yóò bá pa mí, ì bá ti pa mí kí n tó hu eyín.”

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ohun tí n kò rántí ni pé ó ti di ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti kúrò ní Òṣogbo, àti pé ìlú tí mo ń gbé kò ní ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, mo rí àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Amélia ni èyí àgbà, kò ju ọmọ ọdún méje lọ. Nẹ́ẹ̀tì wọn ti ya débi pé orí Amélia lè gba inú rẹ̀ kọjá. Mo tú tèmi, mo so ó mọ́ òkè bẹ́ẹ̀dì wọn. Màmá Graça ní òun yóò wá òmíràn fún mi lọ́la. Mo ní kí ó má ṣe ìyọnu, ọmọ ilẹ̀ ẹ̀fọn ni mí. Mo sùn bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dá wà.

Kí n padà sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo bo ara mi pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì, eyín mi ń gbá ara wọn. Mo rántí oògùn ibà kíkorò kan tí mo kó wá láti ilé ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí ó wà nínú àpótí aṣọ mi. Mo lò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní irú rẹ̀ nínú àpótí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o dànù. Oògùn àtijọ́ yẹn kò ran irú ibà tí ó mú mi mọ́, n kò sì mọ̀. Nígbà tí ara mi kò yá ní ọjọ́ kejì, mo sọ pé kì í ṣe ibà ẹ̀fọn nìyẹn, nítorí mo ti lo oògùn rẹ̀.

Ọ̀fìnkìn tuntun kan ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù lọ́dún náà. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ènìyàn tí ń wúkọ́ ti kún ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fún mi ní ìbòmú. Wọ́n bi mí bóyá mo ti wọ ọkọ̀ òfurufú láìpẹ́. Mo ní rárá. Òótọ́ ni mo sọ, ọkọ̀ ìjọ ni a wọ̀. N kò fi kún un. Wọ́n fún mi ní oògùn ọ̀fìnkìn, wọ́n ní kí n lọ sinmi.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìtọ̀ mi dúdú bí tíì tí a kò fi mílíìkì sí. Tóbi gbé oúnjẹ wá, ó dúró, ó ń wò mí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó máa ń fi dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó sọ lọ́jọ́ náà, díẹ̀díẹ̀: “Mọ́mì, ojú yín ti pọ́n bí òróró. Ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀?”

“Amélia ni,” ni mo dáhùn. “Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn, òkun ń wọlé.”

Ọmọ mi ké sí bàbá rẹ̀. Dádì Tóbi pe pásítọ̀ wa. Mo gbọ́ ohùn pásítọ̀ nínú fóònù: “Ẹ má gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì o! Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ. Àdúrà yóò bá yín lọ́nà.” Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí irú pásítọ̀ bẹ́ẹ̀ tán láàárín wa.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn ńlá náà, wọ́n ní a dúró fún wákàtí mẹ́ta. Lójú mi, àga ibi ìdúró ń léfòó lórí omi, gbogbo àwa tí a jókòó ń lọ díẹ̀díẹ̀ sí ibi ìmọ́lẹ̀ kan. Ọ̀dọ́mọbìnrin dókítà kan ni ó pè wá. Tóbi ni ó sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í: “Mozambique la ti dé. Mọ́mì kò lo oògùn wọn. Wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì wọn tọrẹ.”

“Kì í ṣe ibà ẹ̀fọn,” ni mo wí. Mo ṣì ní agbára láti ṣe agídí. “Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré.”

“Mo gbọ́, Màmá,” ni dókítà wí. “Ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yín fúnra rẹ̀ sọ tẹnu rẹ̀.”

Ẹ̀jẹ̀ mi sọ̀rọ̀, ó sì tako mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ni ẹ̀fọn ń fi sínú ara. Ó máa ń kọ́kọ́ sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ìdí nìyí tí ara fi lè dá ṣáká nígbà tí ẹni náà délé. Lẹ́yìn náà, yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, yóò máa bẹ́ àwọn èròjà pupa inú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń bẹ́, ojú yóò pọ́n, ìtọ̀ yóò dúdú, àárẹ̀ yóò mú kíndìnrín. Bí ó bá dí àwọn iṣan tín-ín-rín inú ọpọlọ, ẹni náà yóò máa ṣe ìrànrán. Àwọn tí ẹ̀fọn ń jẹ láti kékeré máa ń ní ìdáàbòbò díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdáàbòbò náà dàbí iná ààrò. Bí a kò bá koná mọ́ ọn, yóò kú. Tèmi ti kú tipẹ́. Eérú ni mo ń gbẹ́kẹ̀ lé.

Wọ́n gbé mi lọ sí yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Wọ́n fa oògùn kúnínì sí mi níṣan, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí mi lára. N kò mọ̀ ju pé mo wà nínú omi tí ó gbóná, tí agogo sì ń dún. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi ní Òṣogbo ni mo pè é. Ó ń dún láìdẹwọ́, nínú etí méjèèjì, ó dùn, ó sì ń bani lẹ́rù. Mo rí bẹ́ẹ̀dì kan lórí omi, nẹ́ẹ̀tì funfun bò ó bí ìkùukùu. Amélia àti èkejì rẹ̀ wà nínú rẹ̀, Tóbi àti Dámi náà wà níbẹ̀. Amélia gbé etí nẹ́ẹ̀tì sókè, ó ní, “Ẹ wọlé, Màmá.” Mo ní rárá, èmi kò nílò rẹ̀. Omi dé àyà mi. Ó tún ní kí n wọlé. Mo tún ní rárá. Omi dé ọrùn mi. Nígbà náà ni ojú tì mí níwájú ọmọ yẹn. Mo tẹríba, mo wọlé.

Ní ọjọ́ kẹfà, mo la ojú, mo rí òrùlé. Dádì Tóbi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń gbàdúrà ní ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà, èyí tí kì í sọ níta bí ẹ̀rù kò bá bà á.

“Agogo yẹn ń dún síbẹ̀,” ni mo wí.

Ó fò dìde. Nọ́ọ̀sì tí ó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kúnínì ni ó máa ń dún létí bẹ́ẹ̀, yóò lọ. Ó lọ lóòótọ́. Nígbà mìíràn, àárò rẹ̀ máa ń sọ mí.

“Ẹ̀fọn tí kò pa ọ́ kí o tó hu eyín,” ni Dádì Tóbi wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, “ìgbà tí o hu ú tán ni ó rántí padà wá.”

N kò lágbára láti rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín.

Ìmúláradá kò yá bí àìsàn. Irun mi já sínú kóòmù. Ìwé ni mo ń kà, ìlà kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí n tó mọ ohun tí ó wí. Lọ́sẹ̀ kìíní, mo rìn dé ẹnu géètì. Lọ́sẹ̀ kẹta, Dámi dì mí lọ́wọ́ mú títí dé ibi tí róbọ́ọ̀tì, iná tí ń darí ọkọ̀, wà ní ìkángun àdúgbò wa. A dúró wo bí ó ti ń di pupa, tí ó ń di àwọ̀ ewé, a sì padà sílé. Ó di oṣù kẹwàá kí n tó fi òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ìbéèrè kan ni mo ń bi Ọlọ́run: ṣé mo ṣẹ̀ ni, tí mo fi nẹ́ẹ̀tì mi fún ọmọ aláìlóbìí? Mo ti wá mọ̀ pé ẹ̀bùn náà kò lẹ́bi. Ohun tí mo fi kún un ni ó lẹ́bi. Màmá Graça fẹ́ wá nẹ́ẹ̀tì fún mi, mo kọ̀ ọ́. Ó wù mí láti jẹ́ ẹni tí ń fúnni, kí n má ṣe jẹ́ ẹni tí à ń fún.

Ní ọdún 2010, nígbà tí àsíá oríṣiríṣi kún Joburg nítorí bọ́ọ̀lù àgbáyé, a tún lọ. Ìjọ ra aṣọ nẹ́ẹ̀tì ní ìdì-ìdì, èmi ni mo rán an, nẹ́ẹ̀tì kan fún bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ọ̀kan kún un fún ara mi. Lójoojúmọ́, èmi ni mo ń kọ́kọ́ gbé oògùn mì lójú gbogbo ènìyàn. Dádì Tóbi a sì máa pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí ó ń wo góòlù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo wọ abẹ́ nẹ́ẹ̀tì mi. Amélia wá, ó ti ga sí i. Ó yí bẹ́ẹ̀dì mi ká, ó ń ki etí nẹ́ẹ̀tì bọ abẹ́ mátíréèsì ní ìwọ̀n ìwọ̀n, bí ẹni tí ń pọ́n ọmọ. Èmi dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Mo jẹ́ kí ó ṣe é títí ó fi parí. Mo ń gbọ́ òkun, ọkàn mi ń lù nínú ara tí Ọlọ́run yá mi lẹ́ẹ̀kejì.

Ìwọ tí o ka èyí, kí Olúwa má jẹ́ kí o mọ àìsàn rẹ ju ẹni tí yóò wò ọ́ sàn lọ. Kí ó fi ẹni tí yóò sọ òtítọ́ nípa rẹ sí ilé rẹ. Bí o bá jáde lọ ṣe rere, kí o bá rere náà padà délé, kí àwọn tìrẹ rí ọ, kí ara rẹ sì le koko. Àmín.