Bàbá Kátíkíìsì àti Ọjọ́ Àìkú Wa

Bí inú bá ń bí Bàbá Kátíkíìsì wa ní Peckham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ńṣe ni ohùn wọn máa ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á tètè jókòó jẹ́ẹ́.

Bí àwọn ọmọ bá sọ pé ẹ̀sìn òyìnbó la ń ṣe, Bàbá á rẹ́rìn-ín. "Ta ló parọ́ yẹn fún yín? Ọmọ Áfíríkà ti jẹ Póòpù ní Róòmù kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó mọ Jésù. Òun ló ta kú pé ọjọ́ Àìkú ni ká máa ṣọdún Àjíǹde."

Ìgbà kan ni Fàdá ní ká gbé Mísà Yorùbá lọ sí Ọjọ́bọ̀, torí àwọn mìíràn fẹ́ lo ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú. Iṣẹ́ shift ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe. Ta ló máa ráyè wá ní Ọjọ́bọ̀? Mísà kú nìyẹn. Síbẹ̀ gbogbo wa ń wolẹ̀.

Bàbá dìde, wọ́n rọra sọ̀rọ̀. "Fàdá, bàbá ńlá wa tó jẹ Póòpù ló jà fún ọjọ́ Àìkú. Ẹ ò lè gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀."

"Bàbá, ẹ má bínú, mo ti fọwọ́ sí i."

"Ẹ lọ pa á rẹ́."

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, a bá ilẹ̀kùn ní títì. Bàbá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì nínú òjò, àwa náà kúnlẹ̀, a ń ka rósárì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Fàdá fúnra wọn ló wá ṣílẹ̀kùn.

Bàbá ti sùn nínú Olúwa. Fàdá tuntun tún ti ń sọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀. Èmi ò kàwé tó Bàbá, ṣùgbọ́n mo ti ra aṣọ òjò.