Ẹ̀kúnwọ́ Olúwa

Ìyá mi kì í da ìrẹsì sínú ìkòkò láì kọ́kọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sọ́tọ̀. Àpò aṣọ kan wà tó fi kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa ní Agége, ibẹ̀ ló ń dà á sí. Bí oṣù bá parí, á gbé àpò náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin ìjọ yòókù á gbé tiwọn wá, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú garawa ńlá kan, kí wọ́n lè rí nǹkan pín fún àwọn tí kò ní. Ẹ̀kúnwọ́ Olúwa ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń yọjú wo àpò ẹnì kejì.

Nígbà tí bàbá mi ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ n'Ìkẹjà, kò dá sí ọ̀rọ̀ àpò yìí rárá. Kódà, òun ló mú àjákù aṣọ tí ìyá mi fi rán an wálé, aláwọ̀ aró tó ní òdòdó funfun. Bàbá mi ò láhun. Tó bá ti fún èèyàn ní nǹkan tán, ṣe ni á máa kọrin sínú bó ṣe ń lọ, bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn.

Nígbà tó yá, Sáàpù, ètò tí ìjọba ní àwọn fi ń tún ọrọ̀ ajé ṣe, dé. Òwú di ọ̀wọ́n, ẹ̀rọ ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dá bàbá mi àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn sójà tó ń ṣèjọba ní kí gbogbo wa fún ìgbànú wa le. Ìgbànú wo? Ṣòkòtò gan-an ti ń já bọ́ nídìí bàbá mi.

Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ wá lọ sára àpò.

"Mọ́mì, ìrẹsì tí kò tó wa jẹ lo tún ń bù sọ́tọ̀ yẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ̀kúnwọ́ kan péré ni."

"Ọlọ́run kì í jẹ ìrẹsì."

"Mo mọ̀. Àwọn ọmọ Rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́."

Bàbá mi pòṣé, ó bọ́ síta lọ jókòó. Kò kọrin mọ́ nígbà yẹn. Kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ pẹ̀lú, ó ní ojú ń ti òun láti jó dé iwájú pẹpẹ lọ́wọ́ òfo láàárín àwọn tó mọ òun sí olùfúnni. Ẹ̀rù ebi ò ba ìyá mi tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí ọkàn ọkọ rẹ̀ má lọ gbẹ.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, kò sí oúnjẹ kankan nílé. Àpò ò tiẹ̀ sí lára ìṣó, torí ìyá mi ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, kò sì tíì gbà á padà. Àwọn obìnrin ìjọ méjì kan wọlé, ọ̀kan gbé nǹkan sínú ọ̀rá dúdú. Wọ́n kúnlẹ̀ kí bàbá mi.

"Ẹ káàsán, sà. Ìjọ ní ká fi èyí kí yín."

Bàbá mi dìde. "Ẹ ṣé o. Ẹ gbé e lọ fún àwọn aláìní."

Ìyá mi dorí kodò. Ní tèmi, inú bí mi sí bàbá mi gan-an. Àwọn àbúrò mi wà lórí ẹní, wọn ò lè ṣeré, ó sì ń ṣe bí ọkùnrin ńlá.

Obìnrin tó gbé ọ̀rá lọ́wọ́ ò bá a jiyàn. Ó kàn yọ ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rá, ó gbé e sórí tábìlì. Aṣọ aláwọ̀ aró, òdòdó funfun. Wọn ò mọ ẹni tó ni ín. Àpò òfìfo tọ́wọ́ wọn kọ́kọ́ bà ni wọ́n bu ìrẹsì sí. Bàbá mi sún mọ́ ọn, ó fi àtàǹpàkò ra etí aṣọ náà, bó ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́ láti mọ̀ bóyá wọ́n hun ún dáadáa.

"Aṣọ wa nìyí," ló sọ.

"Àpò wa ni," ni ìyá mi dá a lóhùn.

Bàbá mi jókòó. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ ṣé. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ."

Ìrẹsì láti ilé oríṣiríṣi ni. Ọ̀fádà pupa wà níbẹ̀, ìrẹsì òyìnbó wà níbẹ̀, òkúta náà ò gbẹ́yìn. Kò gbà kó jinná pọ̀: apá kan ti rọ̀, apá kan ṣì ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu. Bàbá mi jẹ ẹ́ títí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín.

"Ilé ta ni èyí tó le yìí ti wá ná?"

"Ilé wa ni!" ni àbúrò mi kékeré pariwo. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ìyá mi fi etí ìró nu ojú. Mo ti jẹ ìrẹsì ní òtẹ́ẹ̀lì GRA lẹ́yìn ìgbà yẹn, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó tọjọ́ yẹn.

Nígbà tí ìyá mi tún fẹ́ dáná, àpò ti padà sára ìṣó. Kó tó na ọwọ́ sí ìrẹsì tó ṣẹ́kù, bàbá mi ti ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ọwọ́ ńlá tó máa ń fi ti ẹ̀rọ nílé iṣẹ́, ó sì bù ú kún dẹ́múdẹ́mú.

"Háà, Dádì! Ọwọ́ yín ti tóbi jù, ẹ dá díẹ̀ padà."

Bàbá mi ò dá ẹyọ kan padà. Ó dà á sínú àpò, ó ń kọrin sínú.