Omi Àárọ̀ Ìbídùnní

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2025, akọrin mọ́kàndínlógún nínú mẹ́tàlélógún nawọ́ sókè ní ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Ìrókò pé kí wọ́n gba orin àdákọ Ìkórè lọ́wọ́ Ìbídùnní. Mo wà lára àwọn mẹ́rin tí kò nawọ́. Àìnawọ́ wa kò ṣe é láǹfààní kankan.

Aránṣọ ni Ìbídùnní, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́. Lọ́dún 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ fún un ní orin àdákọ. Ó dé ibi tí ohùn ti gbọ́dọ̀ gòkè, ohùn náà sì ya bí aṣọ ògbólógbòó. Ìjọ rẹ́rìn-ín. Tíṣà Akóredé, olórí akọrin, sọ ní gbangba pé Ọlọ́run ló ń fúnni ní ohùn, pé ẹnikẹ́ni kì í kọ́ ọ. Ó ní òun yóò tún dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí pé ọ̀fẹ́ ló ń rán aṣọ akọrin.

Ìbídùnní wá ẹ̀kọ́ lọ sórí fóònù. Ọkùnrin òyìnbó kan ń kọ́ni lórin nínú fídíò, kò sì gba kọ́bọ̀. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. Ta ní í ro oko fún ẹni tí kò mọ̀ rí? Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń wò ó láìṣe ohun tó wí, tó ń dúró de ibi tí yóò ti dárúkọ nọ́ńbà báńkì. Ó fi pílásítà lẹ ojú kámẹ́rà fóònù náà pa, kí ẹni tó ń kọ́ ọ má baà máa wo inú ilé rẹ̀. Nọ́ńbà kò jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹfà.

Ẹ̀kọ́ náà kò le. Kí ó bu omi sínú ife, kí ó ki ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọdé fi ń fa mínírà bọ̀ ọ́, kí ó máa kùn gba inú ike náà títí omi yóò fi máa hó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àárọ̀ ni kí ó máa ṣe é, kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Òyìnbó tó sọ bẹ́ẹ̀ kò gbé Ìrókò rí. Ní Ìrókò, ẹni tó bá pọnmi ní ìdájí láìfọhùn, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé oògùn ló fẹ́ fi omi náà ṣe. Ìrókò ni wọ́n bí Ìbídùnní sí. Ó yẹ kí ó rántí. Kò rántí.

Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Sanmí ni kànga wà. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, obìnrin náà kí i. Ìbídùnní kúnlẹ̀, ó pa ẹnu dé, ó gbé omi rẹ̀, ó lọ. Bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì. Ó rò pé ìkúnlẹ̀ tó. Ìkúnlẹ̀ ló ba nǹkan jẹ́ jù, nítorí pé ẹni tó ń yan èèyàn lódì kì í kúnlẹ̀ fún un. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ láìfọhùn, nǹkan wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò fẹ́ kó dànù. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Sanmí ti ń dúró sẹ́yìn fèrèsé Ìbídùnní. Ó gbọ́ kíkùn. Ó gbọ́ híhó omi. Kò bi í léèrè. Ó ń kó o jọ.

Ní ìdánrawò ọjọ́ kẹrìndínlógún yẹn, Ìbídùnní dé ibi tí ohùn rẹ̀ ti ya lọ́jọ́sí, ó gòkè kọjá rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Kò sí ẹni tó kí i kú iṣẹ́. Wọ́n ń wo ara wọn. Ìyá Sanmí, tó ń kọrin lọ́wọ́ ẹ̀yìn, wá dìde, ó tú gbogbo ohun tó ti kó jọ sílẹ̀.

Tíṣà ní kí Ìbídùnní fèsì. Ó ṣàlàyé, wọn kò gbà. Ó wá mú fóònù jáde, ó ṣí fídíò náà, ó gbé e yí wa ká. Òyìnbó ń kùn, omi ń hó. A wò ó tán.

"Àṣé àwọn náà ní tiwọn," ni Ìyá Sanmí wí.

"Ẹ̀kọ́ orin ni, mà."

"Èló lo san?"

"Ọ̀fẹ́ ni, mà."

"Ẹ gbọ́ ọ. Wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́."

Tíṣà gba fóònù náà, ó yí i sókè sódò. "Kí ló dé tí o fi pílásítà bò ó lójú? Ta lo ń sá fún?"

Tíṣà ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí a gba orin náà lọ́wọ́ rẹ̀ nawọ́. Wọ́n nawọ́.

Orin náà bọ́ sọ́wọ́ Praise, ọmọ àbúrò Tíṣà. Lọ́jọ́ Ìkórè, ohùn Praise ya níbi kan náà. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Tíṣà ní ọyẹ́ ni. Orí àga ìkẹyìn ni Ìbídùnní jókòó sí, tó ń wo aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán lọ́rùn wa.

Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, Praise lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó bèèrè fídíò náà. Ìbídùnní fi ránṣẹ́ sí i.

"Kí o máa kí èèyàn kí o tó bẹ̀rẹ̀," ni ohun kan ṣoṣo tó sọ.

Ní báyìí, Praise ń kùn sínú ife omi nínú yàrá akọrin kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ń pè é ní ìmọ̀ ìgbàlódé. Ìyá Sanmí ló ń bu omi. Kò sí ẹni tó ní kí a tún dìbò, kò sì sí ẹni tó pe Ìbídùnní padà.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí ọwọ́ rẹ bá wà lókè lọ́jọ́ náà, tàbí tí o ti nawọ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹlòmíràn níbikíbi rí, má gbàdúrà lé e. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni náà ní ọ̀sán gangan, nígbà tí èrò pọ̀. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ kí i. Kí o sì sọ ọ́ sókè, kí gbogbo èrò gbọ́, pé o kò mọ nǹkan kan lọ́jọ́ tí o nawọ́.