Bàbá Ìbejì Wo Ni Olùjẹ́jọ́?

Àbúrò màmá mi fẹ́ lọ sí ilé ọkọ, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Ọkọ ìyàwó náà jẹ́ olùkọ́ fẹ̀yìntì kan níbí ní Èrúwà, ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé àga wá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù tí àǹtí mi ti ń ta aṣọ, wọn á máa jẹ ẹ̀pà, wọn á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé-ìwé. Inú mi dùn sí i gan-an. Ìyá yìí ti dá gbé fún ìgbà pípẹ́, ó sì máa ń pè mí wá bá a jẹun nítorí pé oúnjẹ ẹnìkan kì í wù ú sè.

Pásítọ̀ ló da omi sí i. Ó ní òun kò ní so wọ́n pọ̀ láìrí ìwé tí kóòtù ìbílẹ̀ fi tú ìgbéyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ká ní Igbó-Ọrà. Ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tú u ká, ikán sì ti jẹ ẹ̀dà tí wọ́n fún un nígbà náà. Bí ìwé náà kò bá dé ọwọ́ Pásítọ̀ kó tó di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, wọn kò ní kéde wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbéyàwó á sì di ẹ̀yìn ìkórè. Àǹtí mi ní òun kò lè dúró dé ẹ̀yìn ìkórè, pé ọkùnrin àgbà kì í ṣe iṣu tí èèyàn ń kó pamọ́ sí abà.

Bí mo ṣe gbàyè níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn, tí a wọ ọkọ̀ lọ sí Igbó-Ọrà, tí ọ̀kadà sì gbé wa dé ẹnu ọ̀nà kóòtù. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó gba lẹ́tà tí mo kọ, ó kà á, ó ní kò le, kí a jókòó.

"Màmá, kí lorúkọ yín?"

Àǹtí mi sọ orúkọ ìsàmì, ó sọ oríkì, ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀, ó tún fi ti agboolé lé e.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Orúkọ ọkọ ńkọ́?"

"Bàbá Ìbejì."

Akọ̀wé wò ó, ó wá wo èmi náà. "Màmá, Igbó-Ọrà la wà yìí o. Ẹni tó ń gbá ọgbà níta yẹn, Bàbá Ìbejì ni. Ẹni tó fi ọ̀kadà gbé yín wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Bàbá Ìbejì. Èmi tí ẹ ń wò yìí, Bàbá Ìbejì ni mí."

"Ẹ kú oríire," ni àǹtí mi wí.

"Orúkọ rẹ̀ gan-an ni mo ń béèrè."

"Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ."

"Ṣùgbọ́n ẹ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, Màmá!"

"Ọkọ ni mo kọ̀. N kò kọ ẹ̀kọ́ ilé."

Inú bí mi. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ṣá. Nígbà tó wà ní ilé ọkọ, kò sí ọmọ kan tí wọ́n bí síbẹ̀ kó tó dé tó pè lórúkọ rí. Ó ń pe ọ̀kan ní Adúmáadán, ó ń pe èkejì ní Eyínfúnjowó. Ajá tó bá nínú ilé gan-an, màmá mi búra fún mi pé Bọ̀dá Ajá ló ń pè é, nítorí pé ajá náà ti wọ ilé ṣáájú òun. Ṣùgbọ́n mo rò pé èèyàn á lè yọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan nígbà tó bá ń wá ọkọ mìíràn.

Mo jáde síta, mo fi fóònù pe ọ̀kan nínú àwọn ìbejì náà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, kó tó wá sọ orúkọ bàbá rẹ̀ fún mi. Mo wọlé, mo sọ ọ́ fún akọ̀wé. Bí mo ṣe pe orúkọ náà, àǹtí mi fi ọwọ́ di etí.

Akọ̀wé wá a títí. Ó tú fáìlì, ó gbọn eruku, ó lé aláǹtakùn, kò rí orúkọ tó jọ ọ́. Oòrùn ti kan àtàrí nígbà tó padà wá jókòó, ó bọ́ awò ojú, ó nù ún.

"Màmá, lọ́jọ́ tí ẹ wá pẹjọ́, kí lẹ sọ fún akọ̀wé ìgbà náà pé ọkọ yín ń jẹ́?"

"Bàbá Ìbejì. Èmi náà, Ìyá Ìbejì ni mo ní kó kọ. Ọmọlúàbí ni ti ìgbà náà. Kò bá mi jiyàn."

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé orí. Ó tún wọlé lọ, ó sì kó ẹrù fáìlì tí wọ́n fi okùn dì jáde. Ìyá Ìbejì, olùpẹjọ́. Bàbá Ìbejì, olùjẹ́jọ́. Ó ṣí òmíràn, Ìyá Ìbejì àti Bàbá Ìbejì náà ló wà níbẹ̀. Ó wá hàn pé àǹtí mi nìkan kọ́ ni ìyá rẹ̀ kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú yìí.

Ohun tó kù ni kí a fi ẹ̀sùn mọ ọkọ. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Olùjẹ́jọ́ ta ewúrẹ́ olùpẹjọ́, ó ní ṣe ni ewúrẹ́ náà rìnrìn àjò."

"Kì í ṣe tèmi," ni àǹtí mi wí. "Tèmi kì í purọ́."

"Olùjẹ́jọ́ máa ń hanrun débi pé àwọn ará ilé kó jáde."

"Tèmi kì í hanrun. Ẹ ò lè mọ̀ pé ó ti sùn."

Mo wò ó. Obìnrin tó wá gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ló ń polówó ọkọ tó kọ̀.

"Gbogbo ọbẹ̀ tí olùpẹjọ́ bá sè, olùjẹ́jọ́ á ní iyọ̀ kò tó. Olùpẹjọ́ ní ó ti sú òun."

Àǹtí mi fò dìde. "Òun nìyẹn! Lójoojúmọ́! Ọbẹ̀ ilasa tí gbogbo ará ilé ń lá àwo rẹ̀, òun á ní iyọ̀ kù!"

Mo dúpẹ́, mo ti ń wá báàgì mi, ni akọ̀wé bá tún ṣí fáìlì mìíràn. "Iyọ̀ tún nìyí," ló wí.

Ó wá sọ fún wa pé òun kò lè fi òǹtẹ̀ lu Bàbá Ìbejì lásán. Kí a lọ mú ọkùnrin náà wá, kí àwọn méjèèjì búra níwájú òun, kí kálukú sì fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ èkejì.

Bàbá náà kò jìnnà. A bá a níwájú ilé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́, irun orí rẹ̀ ti funfun. Àǹtí mi kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, ó kúnlẹ̀ sínú eèpo ẹ̀gẹ́.

"Ẹ káàsán, Bàbá Ìbejì."

"Ìyá Ìbejì! Ṣé kò sí nǹkan?"

Èmi ni mo ro ẹjọ́, nítorí ojú ń ti àǹtí mi. Bàbá náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ọkọ tuntun yìí," ló wí, "ṣé ó mọ ọbẹ̀ tó níyọ̀?"

"Kò fẹ́ iyọ̀ rárá," ni àǹtí mi dáhùn. "Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ló ní kó má jẹ ẹ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run mọ ẹni tó ń so pọ̀. Ó wọlé lọ dé fìlà, ó sì tẹ̀ lé wa.

Ní kóòtù, ó gbé ọwọ́ lé Kùránì, ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì pe àǹtí mi lórúkọ pẹ̀lú oríkì, kò fò kankan. Wọ́n wá gbé Bíbélì fún àǹtí mi.

"Ẹ pe orúkọ rẹ̀, Màmá."

Ó la ẹnu, ó pa á dé. "Bà..." ló wí.

"Màmá."

"Ṣé n kò lè nawọ́ sí i?"

"Rárá, Màmá."

Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn. Mo rántí àga iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo rántí ọjọ́ Àìkú, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Àǹtí mi yíjú sí ọkùnrin náà. "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda mi." Bàbá tẹ orí ba. Nígbà náà ni àǹtí mi pe orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá tó bí i, ní ohùn kékeré. Ẹ má bi mí ní orúkọ náà, ẹ̀rù ń ba èmi gan-an láti kọ ọ́.

"Ẹ̀n?" ni bàbá náà wí kó tó mọ̀ pé òun dáhùn.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún.

"Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, n kò gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu rẹ rí," ló wí. "Adájọ́ tú wa ká, n kò ka ti adájọ́ sí. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé bó bá ṣì ń pè mí ní Bàbá Ìbejì, tó ń kúnlẹ̀ kí mi, inú ló kàn ń bí i, ìyàwó mi ṣì ni." Ó kọjú sí akọ̀wé. "Ó ti kọ̀ mí wàyí o. Ẹ lu òǹtẹ̀ yín."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí pé mo ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ náà, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kí ó lè gbẹ. Àǹtí mi gba ìwé rẹ̀, ó ká a, ó fi sínú báàgì. Ó yíjú sí bàbá náà láti dágbére fún un, ó la ẹnu, kò sì mọ ohun tí yóò pè é.