Omi Mímu Ni Wọ́n Fi Ń Fọ Bàtà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹni tí kò bá dé ìletò wa nítòsí Araromi rí yóò rò pé irọ́ ni mò ń pa. Omi ló yí ilé wa ká! Ṣùgbọ́n iyọ̀ ni tòkun, epo rọ̀bì sì ti ba todò jẹ́. Omi òjò là ń mu. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti gbẹ àgbá wa, ọkọ̀ ojú omi tó ń ru omi mímu bọ̀ láti ìlú òkè là ń retí. Àṣà wa sì ni pé ilé tí ìkókó bá wà ni ọlọ́kọ̀ máa ń kọ́kọ́ yà.

Ìyàwó ọmọ mi bímọ lọ́jọ́ Ajé. Ọkàn mi balẹ̀. Kí ni kò ní jẹ́ kó balẹ̀? Èmi ni mo kọ́ Dúrójayé, ọlọ́kọ̀ omi náà, ní ìṣirò!

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a kò rí i. Ní Ọjọ́rú, a kò rí i. Omi tó kù nílé kò ju ife méjì lọ. Òùngbẹ ń gbẹ ìyá ìkókó, omi ọmú rẹ̀ kò sì wá dáadáa mọ́. Mo mú àjẹ̀, mo wa ọkọ̀ mi lọ.

Ibo ni mo ti bá Dúrójayé? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ńlá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wa epo rọ̀bì! Wọ́n ń fi rọ́bà fa omi rẹ̀ sókè, wọ́n ń fi fọ bàtà. Omi mímu!

Ó ní, “Tísà, ẹ má bínú. Ìlọ́po mẹ́ta ni wọ́n ń san. Ọjà ni.”

Mo ní, “Ta ló kọ́ ọ nírú ìṣirò yẹn? Kì í ṣe èmi!”

Ọ̀gá kan lókè ọkọ̀ ńlá náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí bàbá yìí lọ bu omi odò, ṣebí odò pọ̀.

Mo bá kọjá sínú ọkọ̀ Dúrójayé, mo jókòó lé àgbá kan ṣoṣo tó kù.

“Tísà, ẹ ó já sódò o!”

“Bí mo bá já, ìwọ ni wàá lọ sọ fún ìyàwó mi!”

Ó dorí kodò. Ó yọ rọ́bà, ó sì tan ẹ́ńjìnnì, a forí lé ìletò.

Ìyá ìkókó mu omi. Ṣùgbọ́n àgbá kan, fún gbogbo ìletò? Àwọn ìyá tó to garawa sí ebúté ń wo ojú mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé: bí a bá jẹ́ kí owó nìkan máa pín omi, ẹni tó fẹ́ fọ bàtà yóò borí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Tiyín ńkọ́? Ta ló ń gba omi mọ́ yín lọ́wọ́? Ẹ kọ ọ́ síbí. Ẹ má fi bò.